Òfin agbami òkun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: ohun tó lè ṣe, àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Láti etíkun Èkó, ọkọ̀ tó bá kọjú sí gúúsù yóò rin máìlì òkun 12 kó tó jáde nínú omi tí Nàìjíríà ní àṣẹ pátápátá lé lórí. Máìlì òkun kan lé díẹ̀ ní kìlómítà 1.8, nítorí náà 12 ń lọ sí kìlómítà 22. Láti ibẹ̀ títí dé máìlì 200, ìyẹn kìlómítà 370, ọkọ̀ gbogbo ayé lẹ́tọ̀ọ́ láti kọjá, ṣùgbọ́n ti Nàìjíríà ni ẹja tó wà níbẹ̀ àti epo rọ̀bì tó wà lábẹ́ rẹ̀. Tí a bá kọjá 200, agbami ló kù. Ìjọba kankan ò ni ín.

Agbami yìí kì í ṣe ààyè kékeré. Òkun gba nǹkan bí ìdá 71 nínú 100 ojú ayé, agbami sì gba nǹkan bí ìdá 64 nínú òkun náà. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ayé. Títí di ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 2026, kò sí òfin kan tí gbogbo ayé lè tẹ̀ lé láti ya apá kan sọ́tọ̀ níbẹ̀, bí ìjọba ṣe ń ya igbó ọba sọ́tọ̀ kí ẹnikẹ́ni má wọ̀ ọ́ lọ gé igi. Ọjọ́ náà ni àdéhùn agbami, tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ń pè ní BBNJ, di òfin lórí gbogbo orílẹ̀-èdè tó ti fòǹtẹ̀ lù ú.

Àwọn ẹ̀dá inú òkun ò mọ ààlà 200 yẹn. Àwọn onímọ̀ so ẹ̀rọ mọ́ ìjàpá òkun 25 tó wá yé ẹyin sétíkun Gabon, wọ́n sì ń fi sátẹ́láìtì ṣọ́ ibi tí wọ́n ń lọ. Àwọn kan gba ọ̀nà gúúsù Áfíríkà, àwọn mìíràn la Àtìláńtíìkì kọjá sí ìhà Gúúsù Amẹ́ríkà. Ọ̀kan nínú wọn rin ju kìlómítà 7,500 lọ. Gabon lè ṣọ́ etíkun rẹ̀ tọ̀sán-tòru, kí ẹyin má sọnù, kí àwọn ọmọ pa, kí wọ́n sì wọ omi láyọ̀. Oṣù tó kù nínú ọdún, ìjàpá yẹn wà ní ibi tí Gabon ò lè paṣẹ, níbi tí ìwọ̀ àwọn apẹja túnà ti nà lọ sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ kìlómítà.

Bí agbami ṣe wà láìní olùtọ́jú

Kì í ṣe pé kò sí òfin rárá níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọdún 1982 ni wọ́n fọwọ́ sí òfin òkun àgbáyé ní Montego Bay, lórílẹ̀-èdè Jamaica. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1994. Òun ló fìdí máìlì 12 àti 200 múlẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́, ìmọ̀ ẹ̀dá abẹ́ òkun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là lójú ènìyàn ni. Ọdún 1977 péré ni wọ́n kọ́kọ́ rí orísun omi gbígbóná ní ìsàlẹ̀ òkun nítòsí àwọn erékùṣù Galápagos, pẹ̀lú àwọn ẹ̀dá tó ń gbé níbẹ̀ láìrí oòrùn rí. Kò sí ẹni tó ń rò pé ilé iṣẹ́ oògùn yóò wá máa wá DNA, ìyẹn àbùdá inú ara, irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ kiri.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n pín agbami gẹ́gẹ́ bí òwò tí wọ́n ń ṣe nínú rẹ̀. Àjọ IMO ní London ń bójú tó ọkọ̀ tó ń kó ẹrù. Àjọ kan ní Kingston, ní Jamaica, ń bójú tó wíwa ohun àlùmọ́nì ní ìsàlẹ̀ òkun. Ní ti túnà àti irú rẹ̀ nínú Àtìláńtíìkì, àjọ ICCAT tó wà ní Madrid ló ń pín iye tí oníkálùkù lè pa, Nàìjíríà sì wà lára àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni àjọ kọ̀ọ̀kan ń wò. Tí ọkọ̀ bá ń kọjá níbì kan, tí àwọn apẹja ń wọ́ àwọ̀n níbẹ̀, tí wọ́n tún fẹ́ wa kòtò sábẹ́ rẹ̀, kò sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti béèrè pé mélòó nínú ìyà yìí ni ibẹ̀ lè fara dà lẹ́ẹ̀kan náà.

Àìsí ẹni náà ni wọ́n fi nǹkan bí ogún ọdún jíròrò lé lórí. Ọdún 2006 ni ẹgbẹ́ iṣẹ́ kọ́kọ́ jókòó ní UN. Ìpàdé ìdúnàádúrà gan-an bẹ̀rẹ̀ ní 2018. Ní alẹ́ ọjọ́ 4 oṣù Kẹta ọdún 2023, ní New York, lẹ́yìn wákàtí 38 tí wọn ò fi tú ká, Rena Lee ará Singapore tó ń darí ìpàdé náà kéde pé ọkọ̀ ti gúnlẹ̀. Wọ́n gba àdéhùn náà wọlé ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà ọdún yẹn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí fọwọ́ sí i ní oṣù Kẹsàn-án.

Ẹ jẹ́ ká ya ìfọwọ́sí àti ìfòǹtẹ̀lù sọ́tọ̀, nítorí ìròyìn máa ń da méjèèjì pọ̀. Ìfọwọ́sí ń sọ pé orílẹ̀-èdè kan gbà pẹ̀lú èrò àdéhùn, kò sì ní ṣe ohun tó lè ba á jẹ́. Ìfòǹtẹ̀lù ló ń dè é. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2023, kò sì tíì fòǹtẹ̀ lù ú. Palau, erékùṣù kékeré ní Pàsífíìkì, ló kọ́kọ́ fòǹtẹ̀ lù ú ní oṣù Kìíní 2024. Òfin sọ pé bí orílẹ̀-èdè 60 bá pé, a ó ka ọjọ́ 120, lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 ni 60 pé.

Ọ̀nà tí a ń gbà ya ààyè ààbò sọ́tọ̀

Apá mẹ́rin ni òfin náà ní: àbùdá ẹ̀dá inú agbami àti èrè tó bá ti ara rẹ̀ wá, ààyè ààbò, àyẹ̀wò tí a gbọ́dọ̀ ṣe kí iṣẹ́ ńlá tó bẹ̀rẹ̀, àti ìrànlọ́wọ́ ìmọ̀ òun ẹ̀rọ fún àwọn orílẹ̀-èdè tí kò ní. Ààyè ààbò ni gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ jù, nítorí pé ní oṣù Kejìlá 2022, ní Montreal, wọ́n ti ṣèlérí pé ìdá 30 nínú 100 òkun yóò wà lábẹ́ ààbò nígbà tí 2030 bá fi máa dé. Ní 2024, nǹkan bí ìdá 8 tàbí díẹ̀ sí i ló wà lábẹ́ ààbò, púpọ̀ jùlọ rẹ̀ sì wà nínú omi àwọn orílẹ̀-èdè fúnra wọn. Kò sí bí wọ́n ṣe lè dé 30 láìfọwọ́ kan agbami.

Ọ̀nà náà gùn. Orílẹ̀-èdè kan, tàbí ọ̀pọ̀ tó para pọ̀, ló máa kọ àbá. Nínú àbá náà, wọ́n gbọ́dọ̀ ya àwòrán ibi tí wọ́n ń sọ, kí wọ́n sọ ohun tó mú ibẹ̀ ṣe pàtàkì (bóyá ibi tí ẹ̀dá tí kò sí níbòmíràn wà, tàbí ibi ìyẹyin, tàbí ibi tí ìbàjẹ́ kì í tètè san), iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe níbẹ̀ báyìí, ohun tí wọ́n fẹ́ kí ààbò náà mú wá, àti ètò bí wọ́n ṣe máa ṣọ́ ọ. Ọ́fíìsì akọ̀wé àdéhùn yóò gbé e síta fún gbogbo ayé, yóò sì fi ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ onímọ̀ ìjìnlẹ̀. Wọn yóò dá a padà pẹ̀lú àkíyèsí. Lẹ́yìn èyí ni ìfọ̀rọ̀wérọ̀ pẹ̀lú àwọn tó ń gbé lẹ́bàá ibẹ̀, àwọn àjọ ẹja, àwọn onímọ̀, àwọn apẹja. Àwọn tó kọ àbá yóò tún un ṣe, ìgbìmọ̀ onímọ̀ yóò tún wò ó, kó tó wá dé iwájú ìpàdé gbogboogbò, ìyẹn ìpàdé gbogbo orílẹ̀-èdè tó ti fòǹtẹ̀ lu àdéhùn náà.

Ibẹ̀ ni àǹfààní tí òfin yìí fi ju ti àtẹ̀yìnwá lọ wà. Ní ọ̀pọ̀ àjọ òkun, tí ẹnì kan bá ti sọ pé òun ò gbà, ọ̀rọ̀ parí. Níbí, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ìfohùnṣọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí ìdá méjì nínú mẹ́ta bá gbà pé àwọn ti sa gbogbo ipá, wọ́n lè dìbò, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ló sì máa gbé e wọlé. Tí orílẹ̀-èdè 80 bá wà níbẹ̀ tí wọ́n dìbò, 60 ti tó. Lẹ́yìn ọjọ́ 120, ó di dandan fún gbogbo wọn. Ẹni tí kò bá fẹ́ lè kọ̀wé pé òun kò sí nínú rẹ̀ láàárín ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ sọ ìdí, òfin sì ti to irú ìdí tó lè tọ́ sílẹ̀. Ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni yóò tún máa kọ ọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìtakò náà yóò kú. Èyí kì í ṣe ohun kékeré. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, China àti Russia ló ń dá ààyè ààbò tuntun dúró nínú òkun Antarctica, nítorí àjọ tó ń ṣàkóso ibẹ̀ kò lè ṣe ohunkóhun láìsí ìfohùnṣọ̀kan.

Àwọn ibi tó ṣeé ṣe kí àbá kọ́kọ́ kàn ti hàn. Chile ń ṣiṣẹ́ lórí àwọn òkè abẹ́ òkun Salas y Gómez àti Nazca. Ní 2024, àwọn tó lọ ṣèwádìí níbẹ̀ padà pẹ̀lú ẹ̀dá tó lé ní 100 tí wọ́n fura pé sáyẹ́ǹsì kò tíì mọ̀. Òkun Sargasso, nítòsí Bermuda, tún wà níbẹ̀, níbi tí ẹja gígùn bí ejò tí wọ́n ń pè ní eel ti ń lọ yé ẹyin, látinú àwọn odò Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. (Ewéko òkun tó máa ń hù jọ sétíkun Èkó àti Ìlàjẹ, tó ń rùn, tó sì ń dí ẹ̀rọ ọkọ̀ àwọn apẹja, jẹ́ ọmọ ìyá ti Sargasso, ṣùgbọ́n kì í ṣe láti ibẹ̀ ló ti ń wá. Láti 2011 ni ìgbànú tuntun ti ewéko náà ti ń yọ láàárín Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà àti Gulf of Mexico. Ní 2018, ó gùn ju kìlómítà 8,000 lọ.)

Èyí tó kàn wá jù ni ibi tí ìṣàn omi méjì ti pàdé: ìṣàn Canary tó tutù, tó ń ti àríwá sọ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá Morocco àti Senegal, àti ìṣàn Guinea tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó ń ṣàn wá sí apá ọ̀dọ̀ wa. Níbi tí wọ́n ti ń fẹnu ko ara wọn, oúnjẹ inú omi pọ̀, ẹja kékeré a ṣù jọ, túnà a tẹ̀ lé wọn. Ibẹ̀ ti wà nínú ìwé àwọn onímọ̀ gẹ́gẹ́ bí àgbègbè tó ṣe pàtàkì fún ẹ̀dá òkun, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS sì ti ń jíròrò bí wọ́n ṣe lè gbé e lọ síwájú ìpàdé. Tí wọ́n bá ṣe é, yóò jẹ́ àbá tí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà fúnra rẹ̀ kọ lórí omi tó ń bọ́ ọ.

Ibi tí ẹja ti ń yọ lọ́wọ́ òfin

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká sọ ibi tó ti lè wó. Òfin agbami kò lágbára láti pín iye ẹja tí ẹnikẹ́ni lè pa. Wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ kedere pé kò gbọ́dọ̀ ba iṣẹ́ àwọn àjọ tó ti wà nílẹ̀ jẹ́. Nítorí náà, bí wọ́n bá ya ààyè ààbò sọ́tọ̀ nínú omi túnà, ìpàdé gbogboogbò kò lè sọ fún ICCAT pé kó má gba ẹja pípa láàyè níbẹ̀. Ohun tó lè ṣe ni kó dámọ̀ràn, kí àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú méjèèjì sì lọ tì í lẹ́yìn ní Madrid, níbi tí wọ́n ti sábà máa ń fi ìfohùnṣọ̀kan ṣe ìpinnu. Bí àwọn aṣojú kan náà bá dìbò fún ààbò ní ìpàdé kan, tí wọ́n sì dákẹ́ nígbà tí wọ́n ń pín ẹja ní ìpàdé kejì, orí ìwé ni ààyè ààbò náà yóò wà. Lójú tiwa, èyí ni ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí oníròyìn máa bi mínísítà léèrè: kí lẹ sọ ní Madrid?

Ìṣòro kejì ni àsíá. Nínú agbami, òfin tó ń tẹ̀ lé ọkọ̀ ni ti orílẹ̀-èdè tí àsíá rẹ̀ wà lórí òpó. Olówó ọkọ̀ lè máa gbé ní Yúróòpù, kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wá láti Philippines, kí àsíá rẹ̀ sì jẹ́ ti Panama, Liberia tàbí Marshall Islands, nítorí pé owó ìforúkọsílẹ̀ kò pọ̀. Yàtọ̀ sí ìwà bí olè jíjà lójú òkun tàbí òwò ẹrú, kò sí ọkọ̀ ogun orílẹ̀-èdè mìíràn tó kàn lè dá a dúró. Òfin agbami kò yí èyí padà: orílẹ̀-èdè ni ó dè, orílẹ̀-èdè ni yóò de ọkọ̀ rẹ̀. Apẹja tí ààbò kò bá tẹ́ lọ́rùn lè pààrọ̀ àsíá sí ti ẹni tí kò sí nínú àdéhùn.

Ìṣọ́ ni ẹ̀kẹta. Ẹ̀rọ AIS ni ọkọ̀ ńlá fi ń sọ orúkọ rẹ̀, ibi tó wà àti eré tó ń sá. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn, ìṣẹ́jú-àáyá 2 sí 10 ló fi ń fọhùn lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ̀ tó bá tó tọ́ọ̀nù 300 tó ń rìn láti orílẹ̀-èdè dé òmíràn gbọ́dọ̀ gbé e, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìjọba ò fi dandan lé e fún ọkọ̀ apẹja wọn, ọ̀gá ọkọ̀ sì lè pa á. Ìwádìí kan tó jáde ní oṣù Kìíní 2024 fi àwòrán sátẹ́láìtì wé ohùn AIS: nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́rin ọkọ̀ apẹja ńláńlá ayé kò hàn lórí ẹ̀rọ tí gbogbo ènìyàn lè wò. Ibi tí òkùnkùn náà ti pọ̀ jù ni ìhà gúúsù Éṣíà àti Áfíríkà.

Rédà orí sátẹ́láìtì ló ń bá wa tú àṣírí yẹn. Ó ń ríran lóru, ó sì ń ríran gba inú ìkùukùu, èyí tó ṣe pàtàkì lórí òkun Guinea tí ìkùukùu kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú rẹ̀. Ọkọ̀ tó bá gùn ju mítà 15 lọ yóò hàn gẹ́gẹ́ bí àmì funfun. Àmì náà kò sọ orúkọ, kò sì sọ bóyá ẹja ni ó ń pa. Bí àmì bá hàn níbi tí kò sí ohùn AIS kankan, ó di iṣẹ́ ènìyàn láti lọ wò ó, tàbí láti dúró dè é ní èbúté. Èbúté sì ni ibi tó rọrùn jù. Àdéhùn kan wà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2016, tó fún orílẹ̀-èdè ní agbára láti má jẹ́ kí ọkọ̀ àjèjì já ẹja tí wọ́n fura sí sílẹ̀. Bí ẹja kò bá rí ibi já, kò di owó. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń jí ẹja fi ń gbé e sínú ọkọ̀ amúǹkan-tutù láàárín agbami, kí ti olóòótọ́ àti ti olè dàpọ̀ kó tó dé ilẹ̀.

A ní ohun tí a lè fi bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà àdéhùn Yaoundé ní 2013, tí wọ́n ṣe nítorí àwọn olè ojú òkun, àwọn ìjọba ẹkùn Guinea ti ń fi ìròyìn ọkọ̀ ránṣẹ́ sí ara wọn. Nàìjíríà, Benin, Togo àti Niger wà ní ẹ̀ka kan náà, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Cotonou. Nàìjíríà ra ọkọ̀, bàlúù àti dúróònù fún iṣẹ́ kan náà, wọ́n sì fi wọ́n lọ́lẹ̀ ní Èkó ní 2021. Ojú tó ń wá olè tó ń jí ènìyàn gbé lè wá olè tó ń jí ẹja, bí àwọn tó ń darí rẹ̀ bá fún un láṣẹ.

Owó tó ń gbé ọkọ̀ lọ síbi tí kò yẹ

Ẹja agbami kò tó ìdá 5 nínú 100 ẹja tí ayé ń pa nínú òkun. Púpọ̀ nínú kòtè, ṣáwá àti pánla tí a ń rà lọ́jà kò ti agbami wá rárá. Omi àwọn orílẹ̀-èdè ni wọ́n ti pa wọ́n. Ẹni tó bá sọ pé ìdáàbòbò agbami yóò fi ebi pa tálákà kò sọ òótọ́. Ní 2016, China, Taiwan, Japan, Indonesia, Spain àti South Korea ló ṣe nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 iṣẹ́ ẹja pípa tó hàn nínú agbami, àwọn onímọ̀ tó sì ṣírò owó epo àti owó òṣìṣẹ́ rí i pé nínú ibi tí wọ́n ti ń pẹja, ó lé ní ìdajì tí kò ní mú èrè wá bí kò bá sí owó ìrànwọ́ ìjọba.

Owó ìrànwọ́ yìí ni àjọ òwò àgbáyé WTO, tí Ngozi Okonjo-Iweala ń darí, gbé òfin kalẹ̀ lé lórí ní oṣù Kẹfà 2022. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025. Ó fòfin de owó ìrànwọ́ fún ọkọ̀ tó ń jí ẹja, fún pípa ẹja tó ti ń tán láìsí ètò láti mú un padà bọ̀ sípò, àti fún pípẹja nínú apá agbami tí kò sí àjọ tó ń ṣàkóso rẹ̀. Ṣùgbọ́n apá tó le jù, ìyẹn owó tó ń jẹ́ kí ọkọ̀ pọ̀ ju ẹja lọ, wọ́n ṣì ń jà lé e. Wọ́n sì fi ẹ̀gẹ́ kan sínú rẹ̀: bí apá kejì yìí kò bá parí láàárín ọdún mẹ́rin, òfin náà yóò dópin fúnra rẹ̀, àfi bí ìgbìmọ̀ àgbà WTO bá pinnu mìíràn. Oṣù Kẹsàn-án 2029 nìyẹn.

Ìsàlẹ̀ òkun àti àbùdá ẹ̀dá

Láàárín Hawaii àti Mexico, ní jíjìn mítà 4,000 sí 5,500, òkúta dúdú bí ọ̀dùnkún tẹ́ rẹrẹ lórí ẹrẹ̀. Nikẹ́ẹ̀lì, kóbáàtì, bàbà àti manganese wà nínú wọn, àwọn tó ń ṣe bátìrì sì ń fẹ́ wọn. Òkúta kan ń dàgbà ní mìlímítà díẹ̀ péré nínú mílíọ̀nù ọdún. Ẹ̀rọ tó bá ń ṣà wọ́n yóò ha òkè ẹrẹ̀ náà pẹ̀lú ohunkóhun tó bá ń gbé níbẹ̀, yóò sì tú eruku sínú omi tó mọ́ gaara. Ní 1989, wọ́n fi ẹ̀rọ túlẹ̀ ibì kan ní òkun Peru láti dán an wò. Nígbà tí wọ́n padà lọ ní ọdún 26 lẹ́yìn náà, ojú ipa ẹ̀rọ náà ṣì wà níbẹ̀. Àjọ Kingston ló ń ṣàkóso èyí, òfin agbami kò sì gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin 2025, ààrẹ Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí orílẹ̀-èdè òun máa fúnni láṣẹ láìdúró de Kingston, ilé iṣẹ́ kan sì fi ìwé sílẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ó lé ní 30 orílẹ̀-èdè tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá a dúró ná.

Ní ti àbùdá, ìṣirò kan tó jáde ní 2018 fi hàn pé nínú DNA ẹ̀dá òkun tí wọ́n ti gba pátẹ́ǹtì (ìwé ẹ̀tọ́ àdáni) lé lórí, àwọn tó wà ní orílẹ̀-èdè 10 péré ló ni ìdá 98 nínú 100. Láti ìsinsìnyí, ẹni tó bá fẹ́ lọ kó irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ nínú agbami, tí ìjọba rẹ̀ wà nínú àdéhùn, gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀ ní oṣù mẹ́fà ṣáájú, bó bá ṣeé ṣe, lórí ìkànnì àpapọ̀, kó sì gba nọ́ńbà tí yóò máa tẹ̀ lé ohun tó kó dé inú láàbù àti ìwé pátẹ́ǹtì. Títí wọ́n á fi fẹnu kò lórí bí wọ́n ṣe máa pín èrè, àwọn orílẹ̀-èdè tó lọ́rọ̀ yóò máa san ìdajì iye owó ọmọ ẹgbẹ́ wọn ní àfikún sínú àpò kan fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè. Kì í ṣe owó tó lè sọ ẹnikẹ́ni di ọlọ́rọ̀, ṣùgbọ́n ó ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ohun tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tó kọ́kọ́ dé.

Ewu tó tóbi jù lórí òkun kò sí nínú ìwé yìí. Òkun ti gba ju ìdá 90 nínú 100 ooru àfikún tí ayé ti kó jọ, àti nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin èéfín káábọ́ọ̀nù tí à ń tú síta. Èéfín náà ń sọ omi di kíkan: pH ojú òkun, ìyẹn òǹkà tó ń wálẹ̀ bí ìkan omi bá ń pọ̀ sí i, ti kúrò ní 8.2 bọ́ sí 8.1. Ó dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń ka pH, ìkan náà ti fi nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 pọ̀ sí i, ìkarahun àti iyùn sì ń ṣòro fún ẹ̀dá láti kọ́. Ààyè ààbò kò lè dí ooru lọ́nà. Ohun tó lè ṣe ni kó mú àwọn ìyà yòókù kúrò lọ́rùn ẹ̀dá tí ooru ti ń dà láàmú. Ní ti ike, ìpàdé àgbáyé tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀ ní Geneva ní oṣù Kẹjọ 2025 túká láìsí àdéhùn.

Ohun tó kàn báyìí

Ìpàdé gbogboogbò àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ wáyé kí ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 2027 tó pé. Níbẹ̀ ni wọn yóò ti gbé ètò owó kalẹ̀, tí wọn yóò sì yan ìgbìmọ̀ onímọ̀ ìjìnlẹ̀. Ìjókòó nínú ìgbìmọ̀ yẹn ṣe pàtàkì ju ọ̀rọ̀ orí pèpéle lọ, nítorí àwọn ni yóò yẹ àbá kọ̀ọ̀kan wò kó tó dé ìpàdé. Ilé iṣẹ́ ìwádìí òkun NIOMR, tó wà ní Victoria Island láti 1975, ní àwọn tó lè jókòó síbẹ̀. Orúkọ wọn gbọ́dọ̀ jáde kí ọjọ́ tó tó.

Iṣẹ́ kan tún wà nílé. Abala 12 nínú òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 sọ pé àdéhùn òkèèrè kò ní agbára òfin lórílẹ̀-èdè yìí àfi tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin bá sọ ọ́ di òfin. Láìsí ìyẹn, bí ọkọ̀ tó gbé àsíá Nàìjíríà bá wọ ààyè ààbò lọ pẹja, adájọ́ ní Ìkòyí kò ní ohun tí yóò fi dá a lẹ́jọ́. Àwọn aṣòfin gbọ́dọ̀ kọ iye owó ìtanràn sínú rẹ̀, ẹni tó lè gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọkọ̀ tó bá ṣẹ̀, àti ọ́fíìsì tí yóò máa gba ìkéde láti òkèèrè.

Ọ́fíìsì tó kẹ́yìn yìí ló rọrùn jù láti gbàgbé. Bí orílẹ̀-èdè kan bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ ńlá nínú agbami, tí ó sì pinnu pé kò nílò àyẹ̀wò ìpalára kíkún, ó gbọ́dọ̀ gbé ìpinnu náà àti ìdí rẹ̀ síta. Òun fúnra rẹ̀ ló ni ìpinnu, kì í ṣe ìpàdé gbogboogbò, àbùkù ńlá sì nìyẹn nínú òfin yìí. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè mìíràn tó wà nínú àdéhùn lè kọ èrò rẹ̀ lòdì sí i, kí ìgbìmọ̀ onímọ̀ sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ọjọ́ 40 ni wọ́n fún un, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ìkéde jáde. Bí iṣẹ́ náà bá wà ní òkè ìṣàn tó ń gbé ẹja wá sí ẹ̀bá Benin àti Nàìjíríà, tí kò sì sí òṣìṣẹ́ kan ní Abuja tàbí Cotonou tó ń ṣí ìkànnì náà lójoojúmọ́, ọjọ́ 40 yóò kọjá, iṣẹ́ yóò sì bẹ̀rẹ̀.